Mo Lọ Mú Dúpẹ́ Wálé láti Àbújá

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ bá mi sin Káyọ̀dé, tí ẹ sì ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé, "Ìyá Káyọ̀dé, báwo ni Àbújá ti rí?", mo ti rí i pé ẹnu mi kò lè ròyìn rẹ̀ tán fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kò sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà Olóyèdé tó kọ́ wa nígbà náà máa ń sọ pé ohun tí ènìyàn bá lè sọ, ó lè kọ ọ́. Nítorí náà mo mú bírò. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé ọwọ́ mi gbọ̀n, ẹ̀rù ló mú un gbọ̀n, kì í ṣe ogbó nìkan.

Ọmọ méjì ni mo ní. Ẹ mọ̀ pé onígbáméjì mú Káyọ̀dé lọ nígbà òjò yìí. Ó jí ní òwúrọ̀, inú ń run ún, ó ní ẹran àná ni. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí a fi aṣọ bò ó lójú. Èyí tó kù, Dúpẹ́, wà ní Àbújá, ó ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé ibi tí àrùn bá ti ṣẹ́ yọ ni wọ́n ń sáré lọ. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì ṣe é. Ẹ̀ ń rí i pé gbígbọ́ yàtọ̀ sí ṣíṣe.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ Káyọ̀dé ni mo gbọ́ lórí rédíò pé onígbáméjì ti wọ agbègbè Àbújá. Mo pe Dúpẹ́ lórí fóònù.

"Màmá, mo wà níbẹ̀," ó ní.

"Níbẹ̀ níbo?"

"Níbi tó wà."

Mo di ẹrù mi. Ìyá Ìjọ Fẹ́híntọlá nìkan ni mo sọ fún pé mo ń lọ mú ọmọ mi wálé kó tó di pé mo sin òun náà.

Odò méjì

Ràfíù ló wa mọ́tò wa, ọmọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin ará Kabba kan, Màmá Ẹ́sítà, ló jókòó tì mí, òun sì ń sọ tirẹ̀ àti ti Ràfíù pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá Ọ̀mùọ̀ tí a wọ inú igbó, òun náà pa ẹnu dé. Ràfíù pa rédíò. Gbogbo wa ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bí ewé kan bá mì, ọkàn gbogbo èrò mọ́tò á mì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ẹni tí yóò yọ nínú igbó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Omi ni. Láti ìgbà tí Káyọ̀dé ti kú, mi ò lè rí omi nínú ife kí n má wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a dé Lọ́kọ́jà, ibi tí odò méjì ti pàdé, àwọn ọmọdé inú mọ́tò ń na ọwọ́, wọ́n ń pariwo pé ẹ wò ó, ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan dúdú. Ohun tí èmi rí ni obìnrin kan tó ń fọ aṣọ létí odò, ẹnìkan ń wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnìkan sì ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo yí ojú kúrò. Màmá Ẹ́sítà ti ra ẹja díndín, ó bù fún mi nínú bébà.

"Ẹ jẹ ẹ́, Màmá. Láti òwúrọ̀ lẹ ò ti fi nǹkan kan ẹnu."

"Mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

Irọ́ kò wá sí mi lẹ́nu kíákíá. "Ààwẹ̀ omi," mo ní.

Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin ará Èkìtì yìí," ó ní, ó sì jẹ ẹja mi mọ́ tirẹ̀.

Ní Abájí tí a ti sọ̀kalẹ̀ nasẹ̀, mo rí àwọn Hausa kan tí wọ́n fẹ́ jẹun. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí ẹní, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan lọ́ṣòó níwájú rẹ̀, ó ń fi bútà àlùwàlá da omi sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí abọ́ nísàlẹ̀. Inú yanrìn ni omi ń lọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé àwọn ènìyàn yìí mà ń fi omi ṣòfò o.

Kado

Dúpẹ́ ti rù. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu géètì ilé tó ń gbé ní Kado, mo na apá sí i, ó dúró lókèèrè, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Màmá, ẹ kú àjò. Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ kí n tó dì mọ́ yín. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀." Mo dúró pẹ̀lú apá mi nínà bí igi tí wọ́n sá aṣọ sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, Ládi, ọmọ Gbàgyí, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Ìlọrin ló ti kàwé, nítorí náà ó ń gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kó tó jẹ́ kí n wọlé, ó gbé bútà, ó lọ́ṣòó, ó ní kí n na ọwọ́. Ọṣẹ, omi, ọṣẹ, omi. Inú mi kò dùn. Mo rò pé nítorí òkú tí mo fi sílẹ̀ nílé ni, pé wọn ò fẹ́ kí ọwọ́ mi kan abọ́ wọn. Mi ò sọ ọ́ jáde. Àlejò kì í bínú lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé Àbújá dà bí ilé, kò dà bí ilé. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ènìyàn á pàdé rẹ lórí àtẹ̀gùn, á wo fóònù rẹ̀ títí ìwọ yóò fi kọjá. Dánlámì tó ń ṣọ́ géètì nìkan ló ń kí mi. Á ní, "Sànnu, Mama." Èmi náà á ní sànnu. Á ní, "Yauwa." Ó parí nìyẹn. Kò béèrè ilé, kò béèrè ọ̀nà, kò béèrè bí oorun ti rí. Lọ́jọ́ kìíní mo dúró, mo ń retí èyí tó kù.

Dúpẹ́ mú mi lọ sí ọjà ẹja wọn. Láàyè ni ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọpọ́n omi, ẹ ó nawọ́ sí èyí tí ẹ bá fẹ́. Ní alẹ́ ó sè é, ó sè é, títí ẹran ara rẹ̀ fi já kúrò lára egungun.

"Dúpẹ́, ẹja yìí ti kú lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ jẹ́ kó kú lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹrù rẹ dà? Mi ò wá kí ọ. Mo wá mú ọ lọ ni."

Ó ń ṣa egungun ẹja sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. "Ẹ sinmi ná, Màmá," ó ní.

Lẹ́yìn Kuje

Nígbà tí kò di ẹrù, mo ní n ó máa tẹ̀lé e lọ síbi iṣẹ́, kí ojú mi lè wà lára rẹ̀. Ládi ní ó dára, pé bí wọ́n bá rí arúgbó, wọ́n á ṣílẹ̀kùn.

Àdúgbò kan ni, lẹ́yìn Kuje, ilé alámọ̀ àti ilé páànù tó fara ti ara wọn, kànga kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. A kò tíì rìn jìnnà tí mọ́tò kan fi dé, tí wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ lórí. Kì í ṣe ti àwọn Dúpẹ́. Mi ò mọ ẹni tó rán an. Ohùn ọkùnrin kan ń jáde nínú rẹ̀ bí ohùn ọjọ́ ìdájọ́, ó sọ ọ́ ní Hausa, ó tún sọ ọ́ ní èdè òyìnbó tí ẹni ìwé mẹ́fà lè gbọ́: onígbáméjì dé, onígbáméjì ń pa ni, ẹni tó bá mú lónìí lè má rí ọ̀la. Wọ́n fi fèrè kan sí i lẹ́yìn tí ń ké bí ẹyẹ òru. Kí mọ́tò náà tó yí po, gbogbo ilẹ̀kùn ti tì. Adìẹ nìkan ló kù níta. Èmi alára ti wà lẹ́yìn ògiri kan. Mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀.

Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn fún wa, Asábe lorúkọ rẹ̀, ó pọn ọmọ. Ládi ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Kí lẹ gbọ́ lẹ́nu mọ́tò yẹn?"

"Pé a ó kú."

"Kí ló ní kí ẹ ṣe?"

Asábe ronú sí i. "Bóyá ó sọ ọ́. Mi ò dúró gbọ́. Mo ti sá wọlé."

"Inú ò run ẹnikẹ́ni nílé yìí?"

"Kò sí ẹni tí inú ń run níbí." Ó yá a lẹ́nu jù. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú òkùnkùn yàrá, a gbọ́ tí ẹnìkan ń bì.

Dúpẹ́ kò bá a jà, kò sì ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè orúkọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ oògùn oníyọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ó pò ó, òun fúnra rẹ̀ mu díẹ̀ níwájú Asábe. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó tètè mu ún, tí wọ́n sì tètè dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti padà sílé, ó sì dárúkọ obìnrin kan ní àdúgbò kejì tí Asábe mọ̀. Asábe wo ojú rẹ̀ títí. Ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bàlá ọkọ rẹ̀ ló wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ojú Káyọ̀dé gan-an ni. Mo bọ́ síta, mo di ògiri mú.

Wọ́n gbé Bàlá lọ, ó sì yè. Nígbà tí à ń padà, Dúpẹ́ ní, "Màmá, ẹni tí a bá dẹ́rù bà, sísá ni yóò sá. Bí a kò bá fi ibi tí yóò sá sí hàn án, inú ilé ni yóò sá sí, á sì ti àrùn mọ́ra rẹ̀."

"Èmi náà sá."

"Mo rí yín. Ẹ sáré ju Asábe lọ."

Ládi rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wa mọ́tò wọ kòtò. Dúpẹ́ tún ní ohun tí ènìyàn bá rí tí àwọn tó yí i ká ń ṣe ló ń ṣe, kì í ṣe ohun tí wọ́n pariwo sí i létí. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń lẹ àwòrán káàkiri. Ó fi ọ̀kan hàn mí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kan: ọwọ́ méjì nínú abọ́ omi, ọṣẹ ń hó lára wọn. Ó dára púpọ̀. "Èmi ni mo yà á," ó ní, mo sì rí i pé inú rẹ̀ dùn.

Abọ́ náà

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá pé jọ sílé Dékọ̀nì Ọmọ́táyọ̀ ní Kuje láti bá mi dárò. Ẹ mọ Dékọ̀nì, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì. Ìyàwó rẹ̀ lẹ mọ̀ jù, Màmá Tólú, ọmọ Bíríkìlà Ajíbádé tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó gún iyán fún wa. Ẹ gbọ́, iyán ilé wa ní Àbújá, pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí mo gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Tólú ń wọlé, ó ń jáde, òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ṣé kò sí?" mo bi í.

"Ó rẹ̀ mí ni, Màmá. Iyán gígún kì í ṣeré."

Àwòrán Dúpẹ́ wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Dékọ̀nì nawọ́ sí i fún gbogbo ilé. "Màmá, iṣẹ́ ọmọ yín nìyẹn. Nínú ilé yìí, ẹnìkan ò gbọdọ̀ jẹun láì fọ ọwọ́. Òfin ni." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ wá, abọ́ táńganran funfun tó ní ẹnu àwọ̀ aró, pẹ̀lú ọṣẹ. Ó gbé e síwájú mi, nítorí èmi ni àgbà, èmi sì ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi bí àwòrán ti wí. Lẹ́yìn mi, òun. Lẹ́yìn rẹ̀, bí a ti bí wọn sí ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, oníkálukú ń fi ọṣẹ ra ọwọ́ dáadáa. Màmá Tólú jáde láti ìdáná, ó fọ tirẹ̀, ó padà wọlé. Omi náà funfun, ó wá di eérú.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Omi tí àgbà ti fọwọ́ sí, ta ni yóò dà á nù lójú rẹ̀? Ẹni tó bá dà á nù ti sọ pé àgbà dọ̀tí.

Dúpẹ́ ló kéré jù nínú ilé, òun ló kẹ́yìn. Abọ́ dé iwájú rẹ̀, kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wo omi. Ó wo àwòrán ara ògiri. Ó wò mí.

"Olùkọ́ wa, ó kù ọ́ o," Dékọ̀nì ní. "Àbí ọwọ́ tìrẹ mọ́ ju tiwa lọ?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ bọ omi.

Nígbà náà, mi ò mọ ohun tí mò ń wò. Mo rò pé Káyọ̀dé ló ń rò.

Gwagwalada

Kò pẹ́ sígbà náà, ní òwúrọ̀ kan, mo gbọ́ tí Dúpẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mọ́ra rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn.

"Ẹja ni, Màmá," ó ní láti inú. "Ẹja àná ni."

Ẹ̀yin ará ilé, ohùn Káyọ̀dé ni mo gbọ́. Ẹran àná ni, Màmá.

"Jẹ́ kí n pe Ládi."

"Ẹ má pè é. Ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ lọ́fíìsì pé èmi ni, ibo ni n ó fi ojú sí? Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa rí di ọ̀sán."

"Arákùnrin rẹ wò ó di ọ̀sán," mo ní.

Mo gbọ́ ìró omi. Nọ́ńbà Ládi kò sí lórí fóònù mi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù Dúpẹ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Dánlámì, mi ò gbọ́ Hausa, òun náà kò gbọ́ Yorùbá. Mo kàn ń sọ pé, "Ládi, Ládi," mo sì di inú mi mú. Dánlámì kò dúró béèrè nǹkan kan. Ó pè é. Láti ọjọ́ náà, mi ò sọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ láìdáa mọ́.

Lẹ́bàá ọ̀nà Gwagwalada ni wọ́n pa àgọ́ funfun sí fún àwọn tó ní in. Bí mo ṣe rí àgọ́ yẹn, mo di Dúpẹ́ mú, mo ní kí wọ́n má gbé e wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ pé ẹni tó bá wọ irú ibẹ̀ kì í jáde. Ládi ló tú ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Màmá, inú ilé ni wọ́n ti ń kú," ó ní. "Níbí, wọ́n ń gbé omi padà sí wọn lára."

Nọ́ọ̀sì Rèbékà so omi mọ́ ọn ní apá. Àwọ̀ ọwọ́ Dúpẹ́ ti hunjọ bí ti ẹni tó ti pẹ́ nínú odò. Mi ò lè gbàdúrà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo ń pè: Modúpẹ́olúwa, Àdùkẹ́, ọmọ Jóṣúà, àbúrò Káyọ̀dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo ti Káyọ̀dé, kí ikú má bàa mọ ilé tí ó ti wá.

Ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì ni mi ò kọ́kọ́ dá mọ̀. Màmá Tólú ni. Dékọ̀nì jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn àgọ́, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó sọ fún mi pé àìsàn ìyàwó òun ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó wá jẹ iyán. "Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé àlejò ọ̀fọ̀ ń bọ̀, a kì í dùbúlẹ̀ fún irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mọ́tò onígbohùngbohùn yẹn gba iwájú ilé wa kọjá. Ìyàwó mi ní òun ò lọ síbi tí wọ́n ti ń kú. A ti ilẹ̀kùn, Màmá. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Dúpẹ́ la ojú, ó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun. Bí Nọ́ọ̀sì Rèbékà ṣe ń rìn bọ̀ láti fún un lómi, ó dúró lẹ́bàá ibùsùn kejì, ó fi ọwọ́ kan ọrùn Màmá Tólú, ó sì fa aṣọ bò ó. Inú mi dùn pé kì í ṣe ọmọ mi. Mo kọ ọ́ síbí, kí Màmá Tólú lè dárí jì mí.

Ọwọ́ mi

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Dúpẹ́ padà sí Kado, Ládi wá jókòó tì í.

"Ìwọ lo ya àwòrán yẹn," Ládi ní.

"Èmi ni."

"O mọ̀ pé omi yẹn kò dáa."

"Mo mọ̀. Mo wo omi, mo wo ojú Dékọ̀nì, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ojú wọn bà mí ju onígbáméjì lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "A ní kí wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́, Ládi. Wọ́n gbọ́ tiwa. Gbogbo wọn nínú abọ́ kan."

Ládi wo ilẹ̀. "Nílé wa, ẹni tó kéré ló ń da omi sí ẹni tó jù ú lọ́wọ́," ó ní. "Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe. Mi ò wo àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mejì."

Nígbà náà ni bútà ẹnu ọ̀nà yé mi, àti ti bàbá arúgbó Abájí.

Wọ́n ya àwòrán tuntun. Wọ́n ní wọ́n ń wá ọwọ́ àgbà, mo ní ọwọ́ mi rèé. Bí ẹ bá dé Kuje tí ẹ rí ọwọ́ arúgbó tí wọ́n nà síta, tí ọwọ́ ọmọ ń da omi sí i, ẹ wo àpá iná tó wà nídìí àtàǹpàkò. Èmi nìyẹn. Dúpẹ́ ló ń da omi.

Nígbà tí wọ́n yà á tán, mo ní, "Àdùkẹ́, ó tó. Di ẹrù rẹ, ká lọ sílé."

"Màmá, Káyọ̀dé ò gbé ní Àbújá."

Mo ń nu omi ọwọ́ mi sára ìró.

"Ilé ló wà. Lọ́dọ̀ yín ló wà. Bí mo bá bá yín lọ, ibo lẹ fẹ́ fi mí pamọ́ sí?"

Mo wá èsì títí dé Lọ́kọ́jà. Mi ò tíì rí i. Dúpẹ́ ra bútà kan fún mi ní ọjà Kado, aláwọ̀ ewé, mo sì gbé e lé itan mi títí mo fi délé.

Ilé

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wá kí mi káàbọ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò rí inú mi. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé la jókòó sí. Ẹ ti bi mí léèrè Dúpẹ́, mo ti sọ pé ó ní kí n kí yín. Adérónkẹ́, ìyàwó Káyọ̀dé, gbé oúnjẹ wá, ó sì gbé abọ́ omi.

Nínú mọ́tò ni mo ti pinnu rẹ̀. Èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé omi fún, èmi ni n ó kọ̀ ọ́, n ó ní kí wọ́n da omi sí mi lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí yóò lè bi mí. Mo gbàgbé pé Àbújá ni mo ti jẹ́ àgbà. Adérónkẹ́ kọjá níwájú mi, ó gbé abọ́ lọ síwájú Ìyá Ìjọ Fẹ́híntọlá. Ìyá Ìjọ ti ń ká ọwọ́ bùbá sókè.

Ta ni èmi tí n ó sọ fún Ìyá Ìjọ pé kó má fọ ọwọ́ nínú omi yẹn? Ẹni tó sìnkú ọkọ mi, tó sìnkú ọmọ mi. Mo wo gbogbo ojú yín. Ẹ̀rù igbó Ọ̀mùọ̀ kò tó ẹ̀rù yẹn. Mo wá mọ ohun tí Dúpẹ́ rí nínú abọ́ Dékọ̀nì.

Mo dìde, mo wọlé, mo gbé bútà jáde. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ìjọ, eékún mi dún kó tó kan ilẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n da omi sí yín lọ́wọ́."

Ìyá Ìjọ wo bútà, ó wò mí.

"Ìyá Káyọ̀dé, ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n sọ ọ́ dà ní Àbújá ni?"

"Rárá, Mà. Ọmọ ni wọ́n sọ mí dà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yí ọwọ́ kúrò lórí abọ́, ó nà án sí mi. "Dà á, ọmọ mi."

Mo dà á. Nígbà tí mo parí, Adérónkẹ́ ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba bútà lọ́wọ́ mi, ó ní kí èmi náà na ọwọ́. Ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀lé mi, àti ẹni tó tẹ̀lé e, títí ó fi dé ìdí igi. Omi ń bọ́ láti ọwọ́ yín, ilẹ̀ ń mu ún, kò sì padà sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.